Okùn Tí Ń Fún Sẹ́ẹ̀lì Ní Ìbàdí

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù ti ẹ̀ka Kánò, tí ìgbìmọ̀ ní kí a tẹ̀ sínú ìwé yìí nítorí àwọn tí kò lè wá

  A ó gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ wa má gùn jù, nítorí Akápò ti sọ ní etí wa pé bí a bá pẹ́ jù, òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé méjì sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ ti yá ọ̀kan nínú wa ní owó láti inú àpò ìrànlọ́wọ́, kí ó fi tọ́jú ìyàwó rẹ̀ tí àrùn jẹjẹrẹ mú ní ọmú. Obìnrin náà ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, gbogbo irun orí rẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹnu rẹ̀ bó, oúnjẹ kò wù ú, ó sì wá sí ibi ìkómọ kan pẹ̀lú gèlè tí ó fi bo orí dé etí. Àwọn kan rí i níbẹ̀. Nígbà tí ìpàdé dé, wọ́n dìde, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ni ó ń pa á, kì í ṣe àrùn, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ má tún náwó lé e lórí mọ́, kí ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sílé kí àwọn ẹbí wò ó. A kò ní purọ́ fún yín: àwa akọ̀wé yín wà nínú àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wa ni a fi kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé, "A dá owó náà dúró ná." Abẹ́rẹ́ kẹrin tí ó yẹ kí obìnrin náà gbà ní ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó tó rí i gbà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni ọmọbìnrin ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, èyí tí ó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní yunifásítì, wá bá wa ní ìsọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa, ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n dá owó àǹtí dúró." A ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bá wa jà. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí ìdì gíní, ó ní kí a wá wo nǹkan kan. Ohun tí a rí lọ́jọ́ náà, àti ohun tí a ti bi í ní ìgbà mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, ni a fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ìwé mẹ́fà ni a kà. Bí a bá ti lè mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tí kò lè mọ̀ ọ́n níbí.

Ohun kan wà lójú kọ̀ǹpútà náà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹyin tí a fọ́ sínú epo gbígbóná. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ni, ẹyọ kan ṣoṣo lára èyí tí a fi mọ ẹran ara. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó ká ara rẹ̀ kò, ó di róbótó bí àgbálùmọ̀. Nígbà tí ó ṣe, a rí i tí àárín rẹ̀ ń fún. Ó ń fún, ó ń fún, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá fa okùn ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ tí kò sí ẹni nínú rẹ̀, títí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já kúrò lára ara wọn. Bí a ti ń wò ó, ọ̀kan di méjì. Àwọn méjèèjì sì tún tẹ́ ara wọn pẹrẹsẹ, olúkúlùkù ń bá tirẹ̀ lọ.

A ní, "Ta ni ó fa okùn náà?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń bi ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń wo sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó. Àwọn tí ó ṣírò rẹ̀ sọ pé sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lára àgbàlagbà kan ju tírílíọ̀nù 30 lọ. Ọ̀kan péré ni gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀ nínú ìyá wa. Ọ̀kan yẹn pín sí méjì, méjì sí mẹ́rin, títí ó fi di èmi àti ìwọ. Bí a sì ti jókòó síbí yìí, kò dúró. Inú mùdùnmúdùn egungun wa nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 2 sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun ni ó ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìdí irun, awọ inú ẹnu, awọ inú ìfun, gbogbo wọn ni ó ń pín láìsinmi, nítorí ibi tí ohun bá ti ń gbó ni a ti ń rọ́pò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ irun àti ẹnu yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé aṣọ ni a ń tà. Nígbà tí ọmọ náà sọ pé òwú ni ó kún inú sẹ́ẹ̀lì, a fà mọ́ tòsí. Òwú tí ó wà níbẹ̀ ju irú kan lọ, ṣùgbọ́n méjì ni ó kàn wá. Ọ̀kan nípọn díẹ̀, ó sì ní ihò nínú bí ọ̀pá ìrèké tí wọ́n ti fa inú rẹ̀ jáde. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, fọ́nrán méjì tí ó lọ́ mọ́ ara wọn ni, gẹ́gẹ́ bí òwú tí àwọn aláṣọ òfì ń pè ní aláwẹ́ méjì. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní áktìnì. Nánómítà 7 ni ìbú rẹ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. A tilẹ̀ bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀: bí a bá to òwú áktìnì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nǹkan bí 10,000 ni yóò gba ìbú irun orí kan ṣoṣo.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé òwú yìí kì í ṣe ohun tí a ran lẹ́ẹ̀kan tí ó parí. Ẹyọ kéékèèké bí ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ń tò ó. Bí wọ́n ti ń fi ẹyọ kún un ní ìdí kan ni wọ́n ń yọ ẹyọ kúrò ní ìdí kejì. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ okùn níhìn-ín, yóò tò ó. Bí kò bá fẹ́ ẹ mọ́, yóò tú u, yóò sì kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ tò sí ibòmíràn. Kò sí aláṣọ kan ní Kwárì tí ó ní irú òwú bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wà ni, gbèsè kò bá tí pa ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nísinsìnyí, ìpín fúnra rẹ̀. Kí sẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀, yóò ti ṣe ẹ̀dà ìwé àbínibí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kúrómósóòmù, kí ọmọ méjèèjì lè ní ẹ̀kún rẹ́rẹ́ ìwé tiwọn. Ní ọjọ́ tí kò sí ìpín, ìdì okùn áktìnì gbọọrọ ni ó na kọjá nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ó fi di ilẹ̀ mú, bí okùn àgọ́ tí a so mọ́ èèkàn. Nígbà tí àkókò ìpín bá tó, ó tú àwọn okùn wọ̀nyí. Ó kó áktìnì lọ sí abẹ́ awọ ara rẹ̀ yíká, ó hun ún mọ́ra bí àwọ̀n, àwọ̀n náà sì le. Nítorí náà ni ó fi di róbótó. Ọmọ náà ní kì í ṣe fún ẹwà: inú ilé tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ kò ní àyè tó láti to kúrómósóòmù sí ìlà kan. Sẹ́ẹ̀lì tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá fún mọ́ níláti ti wọn sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó rí àyè pín.

Lẹ́yìn èyí ni òwú oníhò wọnnì wá ṣe iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n to ara wọn láti ìhà kan dé ìhà kejì, wọ́n pọ̀ ní àárín, wọ́n sì rí tín-ín-rín ní orí méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ìrànwú tí òwú ti kún tí àwọn ìyá wa àgbà fi ń ran òwú. Orúkọ ìrànwú ni àwọn òyìnbó náà fún un ní èdè wọn. Wọ́n to kúrómósóòmù sí àárín gbùngbùn, wọ́n sì fa ìdajì sí apá ọ̀tún, ìdajì sí apá òsì. Walther Flemming, ará Jámánì, ti ya àwòrán èyí sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1882, ó sì ya á dáadáa. Ṣùgbọ́n okùn tí ń fún ìbàdí, awò ìgbà náà kò lè fi í hàn án.

Ìrànwú yìí náà ni ó ń pàṣẹ ibi tí okùn yóò gbé wà. Ó ránṣẹ́ sí awọ sẹ́ẹ̀lì ní àárín gan-an, níwájú ibi tí kúrómósóòmù ti pínyà. Ìránṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní RhoA jí sílẹ̀ níbẹ̀, kì í jí sí ibòmíràn. Bí ó ti jí, ó rán àwọn kan láti tò òwú áktìnì tuntun, ó rán àwọn mìíràn láti so òwú náà mọ́ awọ kí ó má baà yọ̀, ó sì jí máyósìnì. Máyósìnì ni ó dáhùn ìbéèrè wa. Òun ni ó ń fa okùn. Ó ní orí tí ó fi ń di áktìnì mú, ó ń fà á, ó ń jù ú sílẹ̀, ó tún ń dì í mú síwájú, gẹ́gẹ́ bí àwọn apẹja ti ń fa àwọ̀n ní ọwọ́ kan tẹ̀ lé ọwọ́ kan. Oúnjẹ tí a jẹ ni ó ń fún un ní agbára. Áktìnì àti máyósìnì yìí kan náà ni ó wà nínú iṣan apá wa. Nígbà tí alábàárù bá gbé ìdì aṣọ wa sórí, iṣẹ́ kan náà ni iṣan rẹ̀ ń ṣe tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe nígbà tí ó bá ń pín.

A ti fi í wé okùn ṣòkòtò, ṣùgbọ́n ó níbi tí àfiwé náà ti já. Bí o bá fa okùn ṣòkòtò, okùn náà kò dín. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni ó rọ̀ dirodiro níwájú rẹ. Ti sẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òrùka náà ti ń kéré ni wọ́n ń tú àṣẹ́kù òwú rẹ̀ sọnù, tí ó fi jẹ́ pé kì í nípọn sí i bí ó ti ń fún. Ohun mìíràn tún wà. Ní ọdún 2009 àwọn kan wo ọlẹ̀ aràn kékeré kan, nínú èyí tí sẹ́ẹ̀lì ń dínkù bí ó ti ń pín, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì ńlá àti sẹ́ẹ̀lì kékeré ń pa òrùka wọn dé láàárín ìwọ̀n àkókò kan náà. Èyí tí ó tóbi a máa yára fà ju èyí tí ó kéré lọ. A bi ọmọ náà bí wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní òrùka ńlá ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo wọn sì ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. A rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa wo èyí dáadáa nígbà tí a bá tún fẹ́ gbá àyíká gbọ̀ngán yìí.

Nígbà tí okùn bá fún tán, ohun tí ó kù láàárín àwọn méjèèjì dàbí ìwọ́ ọmọ. Fífún nìkan kò lè gé e. Wọ́n níláti kó áktìnì kúrò níbẹ̀ pátápátá, kí àwọn agégbé mìíràn tó wọlé wá gé e. Ní ti iṣu àti àgbàdo, wọn kò ní okùn ìbàdí rárá nítorí pé ara wọn le. Láti inú àárín ni wọ́n ti ń mọ ògiri lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ rí òwú yìí. Ní ọdún 1942, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń jà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Brunó Straub ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Szeged ní Hungary, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Albert Szent-Györgyi. Inú iṣan ẹran ni ó ti yọ áktìnì. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó wá di olórí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọdún 1988, fún nǹkan bí ọdún kan. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n rò pé inú iṣan nìkan ni òwú náà wà. Ní ọdún 1966 ni Hatano àti Oosawa ní Jàpáànì yọ ọ́ nínú ẹ̀dá kan tí ó rí yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ tí kò ní iṣan kankan.

Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ti Raymond Rappaport, ará Amẹ́ríkà. Kò ní ẹ̀rọ olówó gọbọi kan. Ó mú ẹyin ẹ̀dá òkun kan tí ó rí pẹlẹbẹ bí owó fàdákà, ó fi bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín títí ẹyin náà fi ní ihò bí ẹ̀gbà ọwọ́. Nígbà tí ẹyin náà pín lẹ́ẹ̀kínní, ó kàn já ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì di bàtà ẹṣin. Nígbà tí ó pín lẹ́ẹ̀kejì, ibi méjì tí ìrànwú wà fún, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ibi kẹta tún fún, ní kọ́rọ́ bàtà ẹṣin náà, níbi tí orí ìrànwú méjì ti kọjú sí ara wọn, tí kò sì sí kúrómósóòmù kan níbẹ̀. Ọdún 1961 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé kúrómósóòmù kọ́ ni ó ń pàṣẹ fún okùn. Àwọn òwú oníhò ni.

Thomas Schroeder ni ó fi awò alágbára fi òrùka náà hàn nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní ọdún 1970, ó sì fi hàn ní ọdún 1973 pé áktìnì ni òwú inú rẹ̀. Ní ọdún 1977, Mabuchi àti Okuno ní Jàpáànì fi abẹ́rẹ́ gún ohun tí ń di máyósìnì lọ́wọ́ sínú ẹyin ẹ̀dá òkun tí ó dàbí ìràwọ̀. Kúrómósóòmù pínyà, ṣùgbọ́n ẹyin náà kò pín. Okùn wà, kò sí ẹni tí yóò fà á.

A níláti dúró díẹ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì tí Schroeder lò. Ti obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, Henrietta Lacks, ará Virginia ní Amẹ́ríkà, tí ó bí ọmọ márùn-ún. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni ó mú un. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Baltimore ní ọdún 1951, wọn kò bi í, wọn kò sì sọ fún ẹbí rẹ̀. Ó kú ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, ẹni ọdún 31. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rẹ̀ kò kú. Títí di òní ni ó ń pín ní yàrá ìwádìí káàkiri ayé, wọ́n ń rà á, wọ́n ń tà á. Ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ kan tó bá ẹbí rẹ̀ yanjú ẹjọ́ tí wọ́n pè é. Nígbà tí ọmọ náà sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kí sẹ́ẹ̀lì tí a kọ́kọ́ rí lójú kọ̀ǹpútà jẹ́ ti obìnrin yìí, ẹnu wa wọhò. A jẹ́ oníṣòwò. A mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n kó ọjà ènìyàn lọ láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí okùn bá kọ̀ láti fún. Oògùn kan wà tí wọ́n rí lára ohun tí ó jọ èyí tí ń hù sára búrẹ́dì tí ó ti bu. Saitokalasíìnì ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó má jẹ́ kí áktìnì gùn. Ní ọdún 1967, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Carter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í sínú sẹ́ẹ̀lì: kókó inú sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì, ilé kò pín, ìdílé méjì wá ń gbé yàrá kan. Nígbà mìíràn èyí kì í ṣe àléébù. Inú ẹ̀dọ̀ki wa, sẹ́ẹ̀lì tí ó ní kókó méjì pọ̀, ara sì le. Ṣùgbọ́n bí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ bá tún fẹ́ pín, ìrànwú rẹ̀ lè ní orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kúrómósóòmù yóò sì lọ ní ségesège. Theodor Boveri, ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní ọdún 1914 pé ibi tí ìwé àbínibí bá ti pín ní ségesège ni jẹjẹrẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí ní Boston mú sẹ́ẹ̀lì ọmú eku, èyí tí wọ́n ti yọ olùṣọ́ inú rẹ̀ kúrò, wọ́n fi oògùn dá okùn ìbàdí rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì fi èyí tí ó di onílọ́po méjì sára eku. Àwọn wọ̀nyí hu kókó jẹjẹrẹ. Àwọn tí ó pín bí ó ti yẹ kò hù ú. Ẹ kíyè sí i pé sẹ́ẹ̀lì ọmú ni. A kò sọ pé bí ti àǹtí wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a kò ti sọ ọ́ mọ́ pé ẹnìkan ni ó fi ṣe é.

Ǹjẹ́, abẹ́rẹ́. A bi ọmọ náà pé bí okùn bá ṣe pàtàkì tó báyìí, kí ló dé tí dókítà kò fi já okùn áktìnì inú jẹjẹrẹ kí ó má lè pín? Ó na ọwọ́ sí àyà wa, ó ní, "Bàbá, kí ni ẹ rò pé ó ń fi ọkàn yín lù?" Áktìnì ni. Ẹni tí ó bá já a nínú jẹjẹrẹ yóò já a nínú ọkàn pẹ̀lú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dojú kọ òwú kejì, èyí oníhò tí ó ń ṣe ìrànwú. Ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n ń fún àǹtí wa ni wọ́n ń pè ní paclitaxel, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà. Susan Horwitz ni ó fi hàn ní ọdún 1979 pé ńṣe ni ó ń mú òwú oníhò náà le gandi tí kò fi lè tú mọ́, ìrànwú kò sì lè ṣiṣẹ́. Ọdún 1992 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Òmíràn, vincristine, inú òdòdó kékeré aláwọ̀ funfun àti àlùkò tí àwọn kan ń gbìn síwájú ilé ni ó ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ ṣa òdòdó náà bọ̀ mu o. Májèlé ni. Ilé ìwòsàn a máa wọn èyí tí wọ́n ń lò bí ẹni wọn wúrà.

Oògùn wọ̀nyí kò mọ ojú ẹni. Ibi gbogbo tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń pín kíákíá ni wọ́n ń dé. Jẹjẹrẹ ń pín, ó kàn án. Ìdí irun ń pín, ó kàn án, irun sì rẹ̀. Awọ ẹnu àti ìfun ń pín, ẹnu bó, oúnjẹ kò wọlé. Mùdùnmúdùn egungun ń pín, ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń gbógun ti àrùn wá dínkù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó gún un, tí wọ́n sì fi ń fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sáàárín abẹ́rẹ́, kí egungun lè tún tirẹ̀ ṣe. Bí ibà bá mú un láàárín àkókò náà, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì. Irun tí a rí tí ó rẹ̀, tí a fi sọ pé abẹ́rẹ́ ń pa á, oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni ó rẹ̀ ẹ́. Ìdí irun kò sì kú. Bí abẹ́rẹ́ bá tán, okùn rẹ̀ yóò tún máa fún ìbàdí sẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n fi sáàárín abẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n. Bí ó bá gùn jù, kì í ṣe egungun nìkan ni ó ń rí àyè pín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi dá owó dúró, jẹjẹrẹ náà kò dá tirẹ̀ dúró.

A lọ sí ilé wọn. A dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a jù ú lọ ní ọjọ́ orí, a sì bẹ obìnrin náà. Ó ní òun ti gbọ́. Ó bi wá bóyá a ti rí gíní aláwọ̀ búlúù tí òun bi wá léèrè ṣáájú ọdún. A bá ọkọ rẹ̀ lọ rí dókítà, a bi í bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ti ṣe ìpalára. Dókítà wo ìwé, ó wo wá, ó ní, "A ó máa wò ó."

Alága ti fún wa ní àyè láti fa gègé lé ohun tí a kọ sínú ìwé ìpàdé, ìgbìmọ̀ sì ti gbà kí owó máa lọ. Abẹ́rẹ́ kẹrin wọlé ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá. Ó ku mẹ́rin. Ohun tí ó wà nínú àpò ìrànlọ́wọ́ yóò tó fún méjì, Akápò yóò kà á fún yín bí a bá jókòó. Ìwé ìdáwó ti méjì tí ó kù wà ní ìsọ̀ wa, a sì ti kọ orúkọ wa síwájú. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni a ń ṣí, àfi ọjọ́ Ẹtì tí a ń ti ìsọ̀ ní ọ̀sán.